Ìdí tí Ìjọba fi ń Náwó lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Inú Orí Láìla Àgbárí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́." Ẹni tí orí ń fọ́ ń wá ìwòsàn ni, kò fẹ́ kí a tìtorí ìwòsàn pa òun. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ó sún mọ́ orí bíbẹ́ ni àwọn dókítà ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe ọpọlọ aláìsàn. Wọn a lu àgbárí rẹ̀ ní ihò, tàbí kí wọ́n là á, kí wọ́n tó lè fojú rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Lónìí, aláìsàn lè wọ inú ẹ̀rọ kan lọ, kí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ó sì dìde láìsí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, nígbà tí dókítà yóò ti rí inú orí rẹ̀ kedere. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe dé, ipa tí owó ìjọba kó nínú rẹ̀, àti ìdí tí ìjọba, pàápàá ìjọba Amẹ́ríkà, fi tún ń náwó láti wá èyí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ó fi ṣòro láti rí ọpọlọ. Ọpọlọ ni ó ń darí ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ahọ́n tí a fi ń sọ̀rọ̀ àti ìrántí tí a fi ń mọ ọmọ ẹni yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílógíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ, ó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Nítorí pé ó rọ̀ bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́dàá fi egungun líle bò ó yíká. Egungun yìí jẹ́ ààbò fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n ìdènà ni fún ojú dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá wú, a ó rí i. Bí ikùn bá le, a ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí kókó bá ń hù nínú ọpọlọ, ta ni yóò rí i?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Àwọn ọkùnrin méjì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún àwọn méjèèjì sì rọ. Rọpá-rọsẹ̀ ni àìsàn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ó fà á kò dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ọpọlọ ẹni àkọ́kọ́, ó sì dí ọ̀nà. Ti ẹnì kejì, iṣan ni ó bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè gba ẹni àkọ́kọ́ là bí ó bá tètè rí i lò. Oògùn yẹn kan náà lè pa ẹnì kejì. Bí a bá wo ojú àwọn méjèèjì, a kò lè mọ ẹni tí ó yẹ kí a fún. Àfi kí dókítà rí inú orí wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn ẹ̀rọ yìí kì í fi í ṣe ọ̀ràn fàájì fún àwọn onímọ̀. Ọ̀ràn ìyè àti ikú ni.

Àwọn ìgbìyànjú ìṣáájú kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní 1895, Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán X-ray. Ìtànṣán yìí ń fi egungun hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹran ọpọlọ tí ó rọ̀ kì í hàn nínú rẹ̀. Ní 1919, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Walter Dandy, gbé ọgbọ́n mìíràn jáde. Wọn a fa omi tí ó yí ọpọlọ ká jáde láti ẹ̀yìn aláìsàn, wọn a fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí àwòrán X-ray lè fi àlàfo inú ọpọlọ hàn. Orí a máa fọ́ aláìsàn burúkú-burúkú lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa bì. Ní 1927, Egas Moniz ti ilẹ̀ Potogí bẹ̀rẹ̀ sí fa oògùn tí X-ray lè rí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Èyí náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, kò tíì sí ẹ̀rọ kan ní gbogbo àgbáyé tí ó lè ya àwòrán ẹran ọpọlọ fún un bí ti òde òní. Ìmọ̀, ìrírí àti irú ọgbọ́n àtijọ́ wọ̀nyí ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi gbogbo gbójú lé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ojútùú àkọ́kọ́ ti wá. Ní 1967, ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Godfrey Hounsfield, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI, bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé bí a bá ta ìtànṣán X-ray la ohun kan kọjá láti ìhà púpọ̀, tí a sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye ìtànṣán tí ó jáde ní òdìkejì, a ó mọ bí inú ohun náà ti rí láìgé e. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà láàárín búrẹ́dì yóò gé e ní abala-abala. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ Hounsfield ṣe ń gé orí ní abala-abala, ṣùgbọ́n ìṣirò ni ọ̀bẹ rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dán an wò, ọjọ́ 9 gbáko ni ẹ̀rọ náà fi wo ohun kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà sì tún lo wákàtí 2 àti ààbọ̀ kí ó tó parí ìṣirò rẹ̀. Kò jáwọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà, 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo orí obìnrin kan ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kókó tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ hàn kedere. Ẹ̀rọ CT dé nìyẹn. Ní 1979, wọ́n fún Hounsfield àti Allan Cormack, ọmọ ilẹ̀ South Africa tí ó ti ṣe ìṣirò irú rẹ̀ ṣáájú, ní ẹ̀bùn Nobel.

Ta ni ó san owó iṣẹ́ yìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé èrè tí EMI jẹ lórí àwo orin àwọn Beatles ni wọ́n fi ṣe é. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn tí ó yẹ àkọsílẹ̀ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2012, rí i pé owó tí ẹ̀ka ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí i pọ̀ ju ti EMI lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ni ó mú Hounsfield mọ àwọn dókítà tí ó bá a ṣiṣẹ́. Láìsí owó àwọn tí ń san owó orí, bóyá orí ìwé ni èrò Hounsfield ì bá wà.

Ẹ̀rọ kejì ni èyí tí a ń pè ní MRI. Òun kì í lo X-ray rárá. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ara wa, háídírójìn sì wà nínú omi. Háídírójìn yìí ń ṣe bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé aláìsàn sí àárín òòfà ńlá, àwọn òòfà kékeré wọ̀nyí a tò bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó gbọ́ aago òwúrọ̀. Ẹ̀rọ a wá rán ìgbì rédíò sí wọn, ètò wọn a sì dàrú. Bí ìgbì náà bá dákẹ́, wọn a padà sí àyè wọn, wọn a sì rán ìgbì tiwọn jáde. Ìgbì yìí ni kọ̀ǹpútà ń gbà tí ó fi ń ya àwòrán. Níwọ̀n bí omi inú ibi tí ara dá kì í ti í ṣe bí omi inú ibi tí àrùn wà, àwọn méjèèjì kì í rí bákan náà nínú àwòrán.

Ní 1973, Paul Lauterbur ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tí ó wà ní Stony Brook tẹ àwòrán àkọ́kọ́ irú èyí jáde. Àwòrán ìgò tín-ínrín méjì tí omi wà nínú wọn ni. Ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Mansfield, ẹni tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 kí ó tó tún padà sídìí ẹ̀kọ́, wá ọ̀nà tí àwòrán náà yóò fi yá. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Nígbà tí ó di 1992, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń lo MRI láti rí ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá ń wo nǹkan tàbí tí ó ń mi ìka. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́síjìn máa ń ṣàn lọ púpọ̀ sí ibi tí iṣẹ́ bá pọ̀ sí, Seiji Ogawa sì ti fi hàn ní 1990 pé òòfà lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí irú ẹ̀rọ wọ̀nyí bá ti wà, kí ni a tún ń wá? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ̀rọ MRI tóbi, ó wúwo, ó sì wọ́n gan-an. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láìmira nínú ihò tóóró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, èyí kò sì rọrùn fún ọmọdé tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tí irin kan bá wà lára rẹ̀ lè má lè wọ ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, nínú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀, ohun kíkíní tí a bá rí nínú àwòrán ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ fẹ̀ tó mílímítà 2 tàbí 3. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó wà nínú àyè bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí òkè, tí ó ń wo ọjà ní ìsàlẹ̀. Ó rí i pé èrò pọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ń bá ẹnì kejì ná ọjà. Nítorí èyí, àwọn àrùn bí wárápá, àrùn ìgbàgbé tí ń bá àgbà jà àti àrùn ọpọlọ mìíràn ṣì ní ọ̀pọ̀ ohun tí a kò rí nínú wọn.

Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi dá ètò ńlá kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Igbe, 2013, Ààrẹ Barack Obama kéde ètò tí wọ́n pè ní BRAIN Initiative. Nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là ni ó ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2014, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ wọn, tí a mọ̀ sí NIH, pín 46 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìwádìí 58. Lára wọn ni àwọn tí ó ń gbèrò ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa wo ọpọlọ ènìyàn láìla orí. Àwọn onímọ̀ kan ní West Virginia ń wá bí a ó ti ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn yóò dé bí akoto, tí yóò sì máa fi ọpọlọ rẹ̀ hàn bí ó ti ń rìn. Àwọn mìíràn ní yunifásítì Minnesota ń wá MRI kékeré tí a lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní Berkeley ní California, wọ́n fi ara owó ètò yìí ṣe MRI alágbára kan tí ó lè fi iṣẹ́ ọpọlọ hàn ní àyè tí kò tó ìdajì mílímítà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023. Ní òpin 2016, ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin tí ó ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀ dọ́là sọ́tọ̀ fún ètò náà fún ọdún 10.

A kì í kàn pín owó yìí bí ẹni pín jíjẹ níbi àríyá. Onímọ̀ tí ó bá fẹ́ gbà á yóò kọ ìwé, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, bí yóò ti ṣe é, àti iye tí yóò ná an. Àwọn onímọ̀ mìíràn tí iṣẹ́ náà yé yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìwé ni kì í yege. Ẹni tí ó bá yege yóò máa jíhìn bí iṣẹ́ ti ń lọ. NIH sì ti sọ ọ́ di dandan láti 2008 pé kí ìwé ìwádìí tí a fi owó rẹ̀ ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà láìsan kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí ìjọba kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò? Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Èkínní ni àkókò. Ní 1946 ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé háídírójìn ń dá ìgbì rédíò padà bí ó bá wà nínú òòfà. Ní 1980 ni wọ́n tó fi MRI wo aláìsàn ní Aberdeen lọ́nà tí ó wúlò fún ìtọ́jú. Ọdún 34 nìyẹn. Oníṣòwò wo ni yóò fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 34 láìrí èrè? Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í so èso, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ èyí tí yóò so. Àgbẹ̀ tí ó ní oko ńlá lè gbin irúgbìn oríṣiríṣi. Ẹni tí ebè rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ kò lè fi wọ́n dánra wò. Ìjọba ni ó ní oko ńlá náà. Ẹ̀kẹta ni pé oníṣòwò a máa fi ìmọ̀ tí ó rí pa mọ́ kí elòmíràn má baà jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a fi owó ìlú wá jẹ́ ti ìlú. Èyí kò sọ pé àwọn oníṣòwò kò wúlò. Bí ìmọ̀ bá ti gbó, àwọn ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀rọ púpọ̀ tí ilé ìwòsàn lè rà.

Àwọn kan lòdì sí irú ìnáwó yìí. Wọ́n ní, bí ebi bá wà nílùú tí ọ̀nà sì bàjẹ́, àṣejù ni kí a máa fi owó wá ohun tí ó wà nínú orí. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ tí ó lè wo iṣẹ́ ọpọlọ lè di ohun tí a fi ń tú àṣírí èrò ọmọ ẹnìkejì, pàápàá nítorí pé ẹ̀ka ológun wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò Amẹ́ríkà náà. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun tí a ó fi ọwọ́ rọ́ tì. Òun ni ó mú kí NIH yan ìgbìmọ̀ kan tí ń gba ètò náà nímọ̀ràn lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí rọpá-rọsẹ̀ mú kò lè ro oko, kò lè ṣòwò, ẹlòmíràn ni yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ń dá ebi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá dín in kù, ebi ni ó ń bá jà.

Ewu tí ó tóbi jù lójú tèmi ni kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ kí ó má sì lè parí. Ní 2023, owó ọdún kan fún apá ti NIH nínú ètò BRAIN tó 680 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2024, ó já wálẹ̀ sí 402 mílíọ̀nù. Ara ohun tí ó fà á ni pé owó tí òfin 2016 yà sọ́tọ̀ fún ọdún yẹn kéré gan-an sí ti ọdún tí ó ṣáájú, ìjọba kò sì fi òmíràn dí i. Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba kí ẹyin tó pa. Bí a bá lé e kúrò ní ọjọ́ 15, kì í ṣe ọjọ́ 6 tí ó kù nìkan ni a pàdánù. Ọjọ́ 15 ti ìṣáájú náà ti ṣòfò. Bákan náà, onímọ̀ tí owó rẹ̀ dá ní agbede-méjì yóò tú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ká, ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn yóò sì bá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àwọn ènìyàn tí ó ju 370 mílíọ̀nù lọ ń gbé. Ẹ̀rọ ńlá ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣe ségesège, ó ń fẹ́ ilé tí a kọ́ fún un, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹni tí rọpá-rọsẹ̀ mú ní ìlú tí ó jìnnà sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ tí oògùn fi lè wúlò fún un. Bí ìwádìí tí ń lọ lọ́wọ́ bá mú ẹ̀rọ kékeré jáde, tí a lè tì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn tàbí kí a fi mọ́tò gbé e lọ sí ìgbèríko, àwa ni a ó jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa retí kí ará ilé ẹlòmíràn bá wa se ọbẹ̀ títí láé. Ó yẹ kí àwọn ìjọba tiwa náà ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn onímọ̀ wa ní yunifásítì, kí wọ́n lè ṣe ohun tí ó bá iná wa, ọ̀nà wa àti àpò wa mu.

Ní ìparí, mo ti ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe fara pamọ́ fún dókítà, bí ẹ̀rọ CT àti MRI ṣe mú ìbòjú náà kúrò, àti bí owó ìjọba ṣe gbé iṣẹ́ náà ró ní àkókò tí kò tíì sí èrè nínú rẹ̀. Mo sì ti fi hàn pé iṣẹ́ kù púpọ̀, àti pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti parí rẹ̀. Owó orí ni àwọn baba wa ń pe owó tí olúkúlùkù ń san fún ìjọba. Bí a bá mú díẹ̀ nínú owó orí láti fi tọ́jú orí, a kò ná an ní ìnákúnàá.